Ẹ̀rọ kọjá òkun, ògbufọ̀ rẹ̀ kò bá a wá

Ẹni tó bá ti dé ààfin Manhyia ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana, níbi àpèjọ rí, yóò ti mọ̀ pé Asantehene kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ tààrà. Okyeame ni wọ́n ń pe ẹni tó wà láàárín ọba àti ará ìta. Òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba, tó ń fi í jẹ́ àlejò ní ọ̀nà tó yẹ, òun náà ló sì ń gba ti àlejò padà fún ọba. Ọ̀pá oyè tí wọ́n fi wúrà bò ló máa ń mú lọ́wọ́, ère kékeré tó wà lórí ọ̀pá náà sì máa ń dúró fún òwe kan. Bí okyeame kò bá sí níjokòó, ọba wà, àlejò wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rìn. Bó bá sì wá di pé ògbufọ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ọba wí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà. Driver ni orúkọ tí wọ́n ń pe okyeame tirẹ̀. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà tó ń kó èrò láti ibùdókọ̀ Kejetia lọ sí Accra o. Ètò kékeré kan ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló máa ń kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀rọ náà àti Windows tí í ṣe ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Skánà tó ń ka àwòrán gbọ́ èdè tirẹ̀ nìkan. Windows náà gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí driver bá sọnù tàbí tí méjì nínú wọn bá ń jà, skánà tó dára dára yóò dà bí òkú ẹ̀rọ, olówó rẹ̀ yóò sì máa wá ẹni tí yóò bá a tà á fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́.

Ìlú Kumasi jẹ́ ibi tí ọ̀ràn yìí ti lè pa ẹni lẹ́kún. Àwọn onífọ́tò pọ̀ ní Adum, níbi tí ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ti há mọ́ra ní àárín ìlú. Iṣẹ́ wọn pọ̀: fọ́tò ìwé ìrìnnà, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìkómọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ń mú àyà wọn já jù lọ ni fọ́tò olóògbé. Àwọn Asante kì í fi ìsìnkú ṣeré. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nínú aṣọ dúdú àti aṣọ pupa, kí ọjọ́ náà sì tó pé, àwòrán olóògbé yóò ti wà lára ògiri àti òpó iná káàkiri àdúgbò. Bí olóògbé bá jẹ́ àgbàlagbà, ó lè jẹ́ pé fọ́tò kan ṣoṣo tó dára lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni èyí tó yà nígbà èwe, fọ́tò dúdú àti funfun tí kòkòrò ti jẹ létí. Inú skánà ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní láti gbà kọjá kí wọ́n tó lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá. Bí skánà bá dákẹ́ ní Ọjọ́rú, òkú kò ní sún Sátidé síwájú nítorí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀ràn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kan àwọn Yorùbá náà gbọ̀ngbọ̀n. Kí ọdún 1969 tó parí, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbẹ́tì àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ló ń ṣòwò káàkiri Ghana, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù November, ọdún náà ni ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tí kò bá rí i gbà sì fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sá lọ kò lè di ilé lẹ́rù, kò sì lè gbé ọjà lérí. Fọ́tò ló rọrùn láti tì sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìdí nìyí tí ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí fi lè ní àwòrán bàbá àgbà tó jókòó nínú ilé fọ́tò kan ní Kumasi, láìní ohun mìíràn tó fi hàn pé bàbá náà gbé ìlú ọ̀hún rí. Ọmọ tó bá fẹ́ kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ má parẹ́, ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà tó ní skánà ni yóò gbé e lọ, ì báà jẹ́ ní Adum tàbí ní Ṣábó.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gbà ń dé. Ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń pè ní tòkunbọ̀ ni ará Ghana ń pè ní home used, ìyẹn ni pé wọ́n ti lò ó nílé òyìnbó kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Tema. Kọ̀ǹpútà á wá láti ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, skánà á wá láti yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, èkejì kò rí ẹnì kejì rí títí wọ́n fi pàdé lórí tábìlì onífọ́tò. Ẹni tó ta skánà náà kò rántí fi àwo sí-dí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kún un. Inú àwo yẹn ni driver wà. Ẹ̀rọ gun orí òkun, ògbufọ̀ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé òyìnbó.

Kí ó tó yéni bí ìjà ṣe ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn mọ ọ̀nà tí àwòrán ń gbà. Ní ọdún 1992 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe skánà àti àwọn tó ń ṣe ètò àwòrán gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní TWAIN. Àwọn aláwàdà máa ń sọ pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìmọ̀ ẹ̀rọ tí kò rí orúkọ tó dùn jẹ́. Ìlànà yìí ló jẹ́ kí ètò àwòrán kan ṣoṣo lè bá skánà oríṣiríṣi sọ̀rọ̀. Nígbà tí onífọ́tò bá pàṣẹ nínú ètò bíi Photoshop pé kí wọ́n mú àwòrán wá láti inú skánà, àṣẹ náà kì í dé ọ̀dọ̀ skánà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fáìlì kan tó ń jẹ́ twain_32.dll, tó ń gbé nínú àpò fáìlì Windows, ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Òun yóò gbé e fún aṣojú skánà náà, tó ń gbé nínú àpò mìíràn tó ń jẹ́ twain_32. Aṣojú yìí ni yóò fi í lé driver tó di okùn skánà mú lọ́wọ́. Ẹnu mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń gbà kí iná skánà tó tàn. Bí ẹnu kan bá yà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Microsoft gbé ọ̀nà tirẹ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní WIA. Inú Windows Me ní ọdún 2000 ló ti kọ́kọ́ jáde, ó sì di gbajúmọ̀ nínú Windows XP tó jáde ní ọdún 2001. Bí ó ṣe di pé ọ̀nà méjì wọ ilé skánà nìyẹn. Ọ̀nà méjì kò burú, bí ẹni tó ń rìn bá mọ èyí tí òun ń tọ̀.

Ìjà tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí Windows àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí onífọ́tò bá gbé ètò àwòrán tuntun wọlé. Skánà ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lórí Windows 98 láìsí ìjọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rẹ́ kan mú àwo ètò tuntun wá, ó ní ó ń pa ilà ojú rẹ́, ó ń sọ fọ́tò dúdú àti funfun di aláwọ̀. Wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ètò tuntun yìí kò wá lọ́wọ́ òfo, ó kó àwọn fáìlì tirẹ̀ dání, ó sì lè fi twain_32.dll tirẹ̀ bo èyí tó bá nílé mọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ pé tirẹ̀ ló ti gbó jù. Windows 98 kò lágbára láti dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ dúró bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kejì, ètò tuntun kò rí skánà, ètò àtijọ́ pàápàá kò rí i mọ́. Onífọ́tò yóò sọ pé skánà ti kú. Kò kú. Àlejò ló gba ìjókòó lọ́wọ́ onílé.

Irú rẹ̀ mìíràn wà nínú XP. Skánà méjì láti ilé iṣẹ́ méjì, tàbí skánà kan àti ẹ̀rọ alápapọ̀ tó ń tẹ̀wé tó tún ń ka àwòrán, yóò wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Ètò méjèèjì a máa bá kọ̀ǹpútà jí láàárọ̀, wọ́n á lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ aago ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, oníkálùkù á sì fẹ́ di skánà mú kí èkejì tó fọwọ́ kàn án. Eyí tó bá kọ́kọ́ dì í mú kò ní fi sílẹ̀, èkejì á sì máa pariwo pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Bákan náà ni àwọn skánà ayé àtijọ́ tó ń lo ihò ìtẹ̀wé, tí okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tún wọ ẹ̀yìn skánà. Ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń béèrè ní gbogbo ìgbà bóyá bébà àti yíǹkì ṣì wà, òun náà ló ń dí ọ̀nà mọ́ skánà. Kí wọ́n dá ètò náà dúró, skánà á sì sọjí.

Ti okùn USB tún yàtọ̀. Ìwé kékeré tó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá sọ ọ́ ní kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ki okùn bọ kọ̀ǹpútà kí ó tó gbé driver sí i. Ta ló ń ka ìwé? Ẹni tó kánjú á ki okùn bọ̀ ọ́, Windows á rí àjèjì tí kò mọ̀, á sì fún un ní orúkọ èyí tó bá wù ú tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí a kò mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n tilẹ̀ gbé driver gidi wá, Windows á ní òun ti mọ ẹni tó wọlé. Kámẹ́rà náà ń fìyà jẹ àwọn tó ń lo Windows 98 báyìí, nítorí kò ní driver gbogboogbò fún fíláàṣì àti káàdì kámẹ́rà nínú ara rẹ̀. Láti Windows Me ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lórí XP, ó ń fẹ́ driver tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí 98.

Nígbà tí skánà bá dákẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò tó gbọ́ kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan ṣoṣo wà tí àwọn kan nínú wọn fi ń wo gbogbo àrùn: kí wọ́n fọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbé Windows mìíràn sí i. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí kò ní àwo, driver tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù fún skánà náà ní gbogbo Kumasi. Ẹni tó fọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti sin ògbufọ̀ tó gbẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ pé XP ló fi rọ́pò 98, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ driver tí wọ́n kọ fún Windows 98 kò lè ṣiṣẹ́ nínú XP rárá. Ìdílé ọ̀tọ̀ ni XP ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Ibi yìí ni kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀ sí mọ́tò. Suame Magazine wà ní Kumasi, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ ti ń sọ mọ́tò tó ti di àkísà di ohun tó ń rìn. Yunifásítì KNUST fúnra rẹ̀ gbé ibi ìkọ́ṣẹ́ kan kalẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1980 láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí páàtì kan kò bá sí lọ́jà, ọ̀gá kan á wọn èyí tó kán, á sì rọ òmíràn láti inú irin. Driver kò ṣeé rọ báyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ àṣírí tó wà nínú skánà, kò sì sọ fún ará ìta. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onífọ́tò tọ́jú driver ju bí mẹkáníìkì ṣe ń tọ́jú páàtì lọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan Windows rárá, kí wọ́n wo ara skánà náà. Ọ̀pọ̀ skánà pẹrẹsẹ ló ní kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n fi ń ti ojú tó ń kàwé mọ́ ibì kan kí ó má baà fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e rìn. Ẹ̀rọ tó ti òkèèrè wá lè ṣì wà ní títì láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé olówó rẹ̀. Wọn ì báà fi driver mẹ́wàá sí i, kò ní mira. Kí wọ́n yẹ okùn wò pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi ihò mìíràn gbìyànjú.

Bí ara ẹ̀rọ bá dára, kí wọ́n ṣí ibi tí Windows ń pè ní Device Manager. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lára kọ̀ǹpútà ló tò síbẹ̀ bí orúkọ ọmọ ilé ìwé. Èyí tó bá ní àmì yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni driver rẹ̀ kò gbádùn. Bí orúkọ skánà bá wà níbẹ̀ láìní àmì kankan, a jẹ́ pé driver ń ṣiṣẹ́, òkè ni àlébù wà, láàárín TWAIN àti ètò àwòrán. Ọ̀nà kan tó rọrùn wà láti mọ èyí dájú. Inú Windows 98 ni ètò kan wà tó ń jẹ́ Imaging, tó bá Windows wá láìsan owó. Ilé iṣẹ́ Wang ló kọ́kọ́ ṣe é, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Kodak. Nínú XP, ètò Paint tí àwọn ọmọdé fi ń ya òdòdó náà lè gba àwòrán láti inú skánà. Bí skánà bá dá ètò inú ilé wọ̀nyí lóhùn tó sì kọ̀ láti dá Photoshop lóhùn, skánà kò jẹ̀bi, driver kò jẹ̀bi. Ètò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí wọ́n bi léèrè.

Nígbà náà ni ìtúnṣe wá di ohun tó létòlétò. Kí wọ́n kọ́kọ́ da àwọn fáìlì driver tó wà nílé kọ sínú fíláàṣì tàbí àwo, pàápàá gbogbo ohun tó wà nínú àpò twain_32, nítorí ọjọ́ tí ọwọ́ bá ṣì. Kí wọ́n yọ ètò tuntun náà kúrò, kí wọ́n yọ driver skánà náà kúrò, kí wọ́n fa okùn skánà yọ. Kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tún un tàn. Driver skánà ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà, kí okùn tó wọlé, ìgbà tí driver bá sì béèrè fún un ni kí wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi ètò inú ilé dán an wò. Ìgbà tí àwòrán bá jáde ni kí wọ́n tó pe ètò tuntun wọlé, òun nìkan, kí wọ́n sì tún dán skánà wò kí wọ́n tó fi ohun mìíràn kún un. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbé ètò mẹ́ta sí i lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tó da ilé rú. Bí ó bá jẹ́ XP, ó ní bọ́tìnì kan nínú Device Manager tó ń dá driver padà sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì ní ètò kan tó ń gbé gbogbo Windows padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ kan tó ti kọjá, láìfọwọ́ kan fọ́tò àwọn oníbàárà. Ó ya ni lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ kọ̀ǹpútà kò tẹ bọ́tìnì náà rí.

Iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Àwọn ará Ghana ní orúkọ fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀, dumsor ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pa-tàn, wọ́n sì jẹ ìyà rẹ̀ gan-an láàárín ọdún 2012 sí 2016. Bí iná bá lọ nígbà tí driver ń wọlé lọ́wọ́, ìdajì á wọlé, ìdajì á wà níta, Windows á sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Ẹni tí kò bá ní bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nígbà tí iná ń ṣẹ́jú.

Ẹni tí àwo rẹ̀ sọnù pátápátá a máa sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe skánà ni kó kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn kan ṣì tọ́jú driver àtijọ́ wọn síbẹ̀. Àwọn ojúlé tó ń pariwo pé àwọn ní driver gbogbo ẹ̀rọ ayé lọ́fẹ̀ẹ́ léwu, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí wọ́n ń dì fún ènìyàn jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Kí ó sì fi kọ̀ǹpútà mìíràn wá a. Windows 98 kò rí àtúnṣe ààbò gbà láti July 2006, XP kò rí i láti April 2014, Windows 7 kò rí i láti January 2020. Kọ̀ǹpútà tó ń lo irú wọn fún skánà lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ títí bó bá jókòó jẹ́ẹ́ láìmọ íntánẹ́ẹ̀tì. Fíláàṣì tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa ni kí wọ́n máa fi gbé àwòrán kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí onífọ́tò ra kọ̀ǹpútà tuntun kó sì sinmi. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Windows Vista jáde ní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ skánà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí XP ni ilé iṣẹ́ wọn kò kọ driver tuntun fún mọ́. Àwọn Windows oní-bíìtì 64 kì í gba driver oní-bíìtì 32 wọlé rárá, ètò àwòrán oní-bíìtì 64 náà kò sì lè bá aṣojú TWAIN oní-bíìtì 32 sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá ṣe ń rí i pé skánà òun ti yadi nìyẹn. Kó tó ta á, kó wò ó bóyá ètò àwòrán náà ní ẹ̀dà oní-bíìtì 32, nítorí ìyẹn nìkan ti tó nígbà mìíràn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ohun tó jọ ti Suame lórí driver. Ní ọdún 1998 ni Ed Hamrick, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ VueScan. Ó jókòó ti àwọn skánà, ó ń ṣọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, ó sì kọ ògbufọ̀ tirẹ̀ fún wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi skánà fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ṣe wọ́n ti pa wọ́n tì. Owó ni wọ́n fi ń rà á. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni SANE, tí àwọn tó ń lo Linux ń lò, òun náà mọ ọ̀pọ̀ skánà àtijọ́. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni wo orúkọ skánà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì kó tó náwó tàbí kó tó ta ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 14, oṣù October, ọdún 2025, ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, àfi fún ẹni tó bá gba àfikún. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ òkèèrè tí kò lè gba Windows 11 ni wọn yóò lé kúrò lórí tábìlì, ọ̀nà Tema àti Àpápá kò sì ṣàjèjì sí irú wọn. Bí onífọ́tò bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú skánà, ojú ẹsẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á ni kó ti ní kí wọ́n so méjèèjì pọ̀, kí skánà ka àwòrán kan jáde kó tó sanwó. Kó béèrè àwo. Bí àwo kò bá sí, kó da driver tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà kọ sínú fíláàṣì méjì lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì fi bírò kọ orúkọ skánà, nọ́ńbà rẹ̀ àti Windows tó bá a ṣiṣẹ́ sórí bébà kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ skánà níbi tí omi kò ti ní kàn án.